Owó Páńpásì Ọmọ Ti Fò Sókè: Èwo Ni Òbí Òkè-Ògùn Lè Rà Tí Ilé Kò Ní Dàrú?



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í sì í ṣe ti oyè ìlú. Ọ̀rọ̀ ohun tí à ń dè mọ́ ìdí ọmọ ọwọ́ ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà lè rò pé ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìròyìn. Àmọ́ ẹ wọ ilé àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ìgbòho, ní Kìṣì, ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ́rí tàbí ní Ṣakí, ẹ ó rí i pé owó páńpásì wà lára ohun tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín tọkọtaya. Bàbá á ní ìjẹta lòun rà á, ìyá á ní ó ti tán. Bàbá á ní wọ́n ń lò ó nílòkulò, ìyá á ní kó wá máa fọ aṣọ ìgbẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Owó tí wọ́n ń ná ni kò ní agbára mọ́.

Páńpásì ni gbogbo wa ń pè é. Orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni tẹ́lẹ̀, ìyẹn Pampers, tí ilé iṣẹ́ Procter & Gamble ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1961. Ó wá di orúkọ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wa, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ní Omo. Molfix ni o, Huggies ni o, Virony ni o, Kisskids ni o, páńpásì ni gbogbo wọn. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí a bá kọ páńpásì, gbogbo wọn là ń sọ. Bí a bá kọ Pampers, ti ilé iṣẹ́ yẹn là ń sọ.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn kò ju mẹ́ta lọ. Kí ló gbé owó rẹ̀ sókè? Báwo ni òbí ṣe lè mọ èyí tó dínwó ní tòótọ́? Kí sì ni àwa jàmáà lè ṣe sí i?

Ohun tó gbé owó rẹ̀ sókè

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yọwọ́ kúrò lórí iye náírà, ó ní kí ọjà máa sọ iye tí dọ́là jẹ́. Kó tó di ìgbà náà, nǹkan bí ₦460 sí ₦470 ni dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn láàárín oṣù mẹ́sàn-án, àkókò tí oyún fi ń di ọmọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò lè fara dà á. Ní oṣù Kejìlá 2023, Andre Schulten, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ètò ìnáwó ní Procter & Gamble, sọ fún àwọn olùdókòwò pé ilé iṣẹ́ náà kò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, òkèèrè ni wọn yóò ti máa kó o wọlé. Ìdí tó sọ ni pé ó ṣòro fún ilé iṣẹ́ tó ń fi dọ́là ṣírò owó rẹ̀ láti ṣòwò níbí. Ẹ rántí pé ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló ṣí ilé iṣẹ́ tuntun tó ná wọn ní $300 mílíọ̀nù sí Àgbárá ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2017, tí wọ́n sì tì í pa lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Kimberly-Clark, àwọn tó ni Huggies, náà ṣí ilé iṣẹ́ tó ná wọn tó $100 mílíọ̀nù sí Ìkòròdú ní 2022. Ní 2024, wọ́n kó ẹrù wọn nílẹ̀. Ọdún méjì péré! Molfix ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ Hayat Kimya láti orílẹ̀-èdè Tọ́kì ló gbé e wá, Àgbárá náà ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Ìdí tí Molfix fi gbilẹ̀ dé abúlé wa ni pé Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti ń ṣe é, owó rẹ̀ sì rọ̀ ju ti àwọn tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn kan á bi wá pé, bí wọ́n bá ń ṣe é ní Àgbárá, kí ló kan dọ́là? Ìdáhùn wà nínú páńpásì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ la ọ̀kan, ohun mẹ́ta ni ẹ ó rí. Èkínní ni aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń kan ara ọmọ, ike tí wọ́n ń pè ní polypropylene ni wọ́n fi ṣe é. Ìkejì ni ọ̀rá ẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kí ìtọ̀ jò. Ìkẹta, tí í ṣe ọkàn rẹ̀, ni òwú funfun tó wà láàárín. Òwú yẹn kì í ṣe òwú oko. Igi ni wọ́n lọ̀ di òwú, igi páìnì tó pọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n á wá po hóró kéékèèké kan tó dà bí iyọ̀ mọ́ ọn. Hóró yìí ló ń fa ìtọ̀ mu tí yóò fi di bọ̀rọ̀kìtì bí ẹ̀kọ tútù. Igi náà kò sí níbí, hóró náà kò sí níbí. Nítorí náà, páńpásì tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ṣì jẹ́ ọjà dọ́là, àfi pé ó rọrùn díẹ̀ ju èyí tí wọ́n kó wá látòkèèrè pátápátá lọ.

Ẹ tún fi ti ojú ọ̀nà kún un. Páńpásì kò wúwo, àmọ́ ó ń gba àyè. Ọkọ̀ tó lè kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpò sìmẹ́ńtì á kún fún páńpásì kí ẹrù rẹ̀ tó wúwo rárá. Awakọ̀ kò sì ní gba owó ìwọ̀n, owó àyè ni yóò gbà. Láti Èkó dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Ìsẹ́yìn, kó gba Ṣakí, kó gba Ògbóró kó tó dé Ìgbòho, gbogbo epo tí wọ́n rà lọ́nà ló wà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ọmọ Ìgbòho fi ń ra páńpásì ju ọmọ Èkó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá rẹ̀ kò ní owó tó bàbá tọ̀hún.

Àwọn kan á ní kí a máa ra ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ṣebí ẹnubodè kò jìnnà sí wa. Owó Sẹ́fà so mọ́ owó Yúróòpù ní iye kan tí kì í yí padà, 655.957 Sẹ́fà sí yúrò kan. Bí náírà bá ti já sílẹ̀ lójú dọ́là àti yúrò, ó ti já sílẹ̀ lójú Sẹ́fà náà nìyẹn. Ọjà ọ̀hún kò lè dínwó fún wa mọ́ bíi ti àtijọ́.

Owó orí VAT náà kọ́ ló fà á. Òfin VAT ti yọ ohun èlò ọmọ ọwọ́ kúrò lára ohun tí wọ́n ń gba owó orí náà lé lórí tipẹ́tipẹ́. Bí oníṣòwò bá sọ pé VAT ló jẹ́ kí òun fowó lé e, ẹ jẹ́ kó tún un sọ.

Ẹyọ ni kí ẹ ṣírò, ẹ má wo ọ̀rá

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦80,000. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìṣirò. Ká sọ pé ọmọ kan ń lo páńpásì mẹ́fà lójúmọ́. Mẹ́fà lọ́nà 30 jẹ́ 180 lóṣù. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ ₦150, ₦27,000 nìyẹn. Ó ju ìdá mẹ́ta owó oṣù náà lọ, a kò sì tí ì dé ọ̀dọ̀ oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé ìwé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìgbòho kò gba owó oṣù rárá. Àgbẹ̀ ni wá. Owó iṣu, owó àgbàdo, owó kajú ní ìgbà tó ń wọlé, ìtọ̀ ọmọ kò ní ìgbà. Ojoojúmọ́ ni.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé kí ó má fi iye tí wọ́n ń ta ọ̀rá kan wé iye tí wọ́n ń ta òmíràn. Iye ẹyọ ni kí ó wá. Wọ́n máa ń kọ iye tó wà nínú ọ̀rá sí ara rẹ̀. Ẹ pín owó sí iye ẹyọ. Bí ọ̀rá méjì bá wà níwájú yín, tí wọ́n pe méjèèjì ní ₦6,000, tí ọ̀kan jẹ́ 40, tí èkejì jẹ́ 34, ẹyọ ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦150, ti èkejì sì lé ní ₦176. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn, ìṣirò ló ń rí i. Ọgbọ́n tí àwọn ilé iṣẹ́ ń dá nìyẹn nígbà tí nǹkan bá wọ́n. Wọn kò ní fi owó lé e, wọ́n á yọ mẹ́rin tàbí mẹ́fà kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀rá tí ẹ rà lóṣù tó kọjá àti èyí tí ẹ rà lónìí lè jọra bí ìbejì, kí inú wọn má dọ́gba.

Ohun kejì ni pé ẹyọ tó dínwó jù lè má jẹ́ èyí tí yóò dín ìnáwó yín kù. Ẹ wò ó báyìí. Ká sọ pé ẹyọ kan jẹ́ ₦110, àmọ́ ó ń tètè kún, ọmọ ń lo mẹ́jọ lójúmọ́. ₦880 nìyẹn. Èkejì jẹ́ ₦160, àmọ́ márùn-ún ló ń lò. ₦800 ni. Èyí tó dà bí ẹni pé ó wọ́n ló dínwó. Iye tí ọmọ ń ná yín láàárín òwúrọ̀ sí òwúrọ̀ ni òdiwọ̀n tòótọ́. Kí ìyá ra kékeré nínú oríṣi méjì tàbí mẹ́ta, kí ó lo ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méjì-méjì, kí ó máa ka iye tó lò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yóò mọ èyí tó bá ọmọ tirẹ̀ mu. Ọmọ kò dọ́gba. Èyí tó dára fún ọmọ àǹtí yín lè máa jò ní itan ọmọ yín.

Ẹni tí kò bá ní àkókò fún ìyẹn lè dán an wò nínú ilé. Ẹ mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ da omi ìwọ̀n kan náà sí i, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá fi aṣọ funfun gbígbẹ tẹ ojú rẹ̀. Èyí tí aṣọ náà bá rin gbingbin lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdí ọmọ yóò ṣe máa rin nínú rẹ̀.

Ohun kẹta ni nọ́ńbà. Nọ́ńbà tó wà lára ọ̀rá, láti 1 lọ sókè, ìwúwo ọmọ ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe oṣù rẹ̀. Wọ́n kọ ìwúwo náà sí i ní kílò. Ilé ìwòsàn tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ń wọn ọmọ, ẹ lo ìwọ̀n yẹn. Bí nọ́ńbà bá ti ń ga ni iye ẹyọ inú ọ̀rá ń dín, nítorí náà ẹni tó bá tètè gbé ọmọ lọ sí nọ́ńbà tó tóbi jù ú lọ ń fi owó ṣòfò, yóò sì tún máa jò ní itan. Ẹni tó bá sì fi èyí tó kéré fún un mọ́ra, yóò ha ọmọ nítan. Èyí ló fà á tí a fi ń sọ fún àgbẹ̀ tó ta irè oko tó fẹ́ rà sílẹ̀ pé ó dára, àmọ́ kí ó má ra oṣù mẹ́fà nínú nọ́ńbà kan. Ọmọ á dàgbà, páńpásì kò ní dàgbà.

Ohun kẹrin ni èyí tí kò ní orúkọ, tí wọ́n tú sílẹ̀ tí wọ́n ń kà tà. A kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á, nítorí òun ni agbára àwọn mìíràn ká. Àmọ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ṣé kò rùn? Ṣé kò tutù? Ṣé ohun tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ ṣì ń mú? Ṣé hóró inú rẹ̀ kò ń jò síta? Èyí tó ti pẹ́ nínú ọ̀rinrin lè ti hu èébú, ìdí ọmọ kì í sì í ṣe ibi tí à ń gbé èébú sí. Ní ti èyí tó ní orúkọ tí wọ́n sọ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, ẹ wo àmì MANCAP ti àjọ SON lára rẹ̀, kí ẹ sì wo orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Aṣọ ìlédìí ńkọ́?

Àwọn ìyá wa àgbà máa ń bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní, “Ìgbà tí a bí ẹ̀yin, páńpásì wo la rà?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Aṣọ funfun tàbí àlòkù ìró ni wọ́n gé. Wọ́n á tún gbé ọmọ jókòó sórí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì láàárọ̀, wọ́n á máa pe ìtọ̀ fún un, títí ọmọ yóò fi mọ̀ pé bí wọ́n bá ti gbé òun síbẹ̀, iṣẹ́ ti dé. Ọmọ wọn kì í pẹ́ kó tó mọ́. Ọmọ ìsinsìnyí tó ń wọ páńpásì tọ̀sán-tòru kì í mọ̀ pé òun tọ̀ rárá, nítorí kò tutù lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìdájọ́ òdodo fún àwọn ìyá ìsinsìnyí. Aṣọ ìlédìí ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ ọṣẹ, ó ń fẹ́ oòrùn, ó sì ń fẹ́ ọwọ́. Ní Òkè-Ògùn, nígbà ọyẹ́, aṣọ á gbẹ kí ẹ tó wẹ̀yìn, àmọ́ kànga ti lọ sílẹ̀, omi di ohun tí à ń tò sí. Nígbà òjò, omi pọ̀ yanturu, àmọ́ aṣọ kì í gbẹ fún ọjọ́ méjì. Ìyá tó ń lọ sọ́jà tàbí tó ń kọ́ọ̀yàn níṣẹ́, ta ni yóò bá a fọ̀ ọ́?

Ohun tí a rí pé ó lè ran ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ni kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Aṣọ ìlédìí ní ọ̀sán nígbà tí ìyá wà nílé, páńpásì ní òru àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Ẹ tún padà síbi ìṣirò. Bí ọmọ bá ń lo méjì lójúmọ́ dípò mẹ́fà, 60 ni lóṣù. Ní ₦150, ₦9,000 ni. Bí ẹ bá yọ ₦4,000 sọ́tọ̀ fún ọṣẹ àti omi, ₦13,000 ni gbogbo rẹ̀. ₦14,000 ti kù sílẹ̀ nínú ₦27,000. Owó ẹyin ni fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Owó aṣọ tí ẹ kọ́kọ́ rà yóò sì tán nínú oṣù àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, aṣọ náà á ṣì wà fún àbúrò. Nígbà òjò, ẹ lè fi páńpásì kún un díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ ya omi ìfọgbẹ́ sọ́tọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbọn ìgbẹ́ sínú ṣáláńgá kí ẹ tó fi omi sí i. Bí ẹ bá ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án mọ́, nítorí ọṣẹ tó kù lára aṣọ a máa ta ọmọ lára.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń ṣọ́wó ná. Ẹ má tìtorí owó fi páńpásì tó ti kún sí ìdí ọmọ di ọ̀sán. Ẹni tó bá fi mẹ́ta sin ọjọ́ kan nítorí àtidín ìnáwó kù, ilé oògùn ni yóò lọ ná èyí tó fi pamọ́. Èyí tí ọmọ bá ṣu sí, kíá ni kí ẹ yọ ọ́. Bí ìdí ọmọ bá pọ́n, ẹ tú u sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Bí kò bá lọ láàárín ọjọ́ méjì-mẹ́ta, tàbí tó bá ń yọ omi, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má kàn ra ìpara ní ọwọ́ alágbàtà.

Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ sí i

Àwọn kan ti sọ páńpásì di ẹ̀sìn. Wọ́n ní láìsí i, ìyá ọlọ́mọ kò lè kírun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú hádíìsì tí Bùkhárì àti Mùsílímù gbà wá, Ummu Qays gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí kò tí ì máa jẹun wá sọ́dọ̀ Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ọmọ náà sì tọ̀ sí i láṣọ. Omi ni Ànábì bù wọ́n ọn, kò bínú, kò sì lé ìyá ọmọ. Àwọn méjèèjì tún gbà á wá látọ̀dọ̀ Abū Qatādah pé Ànábì kírun pẹ̀lú Umāmah, ọmọ Zaynab, lọ́rùn. Bó bá forí kanlẹ̀, á gbé e sílẹ̀. Bó bá dìde, á gbé e padà.

Àwọn onímọ̀ wá ṣàlàyé. Lójú mazhab Ṣáfíì, ìtọ̀ ọmọkùnrin tí kò tí ì máa jẹun, wíwọ́n omi sí i tó, ti ọmọbìnrin ni à ń fọ̀. Lójú mazhab Máálíkì tí ọ̀pọ̀ ilé kéú wa ń kọ́, fífọ̀ ni méjèèjì. Àmọ́ mazhab yìí kan náà ló ṣe àmójúkúrò fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó wà nínú Mukhtasar Khalil pé ìyá tó bá ń gbìyànjú láti ṣọ́ra, a yọ̀ǹda fún un lórí èyí tó bá bà á láṣọ, ó sì dára kó ní aṣọ kan tó yà sọ́tọ̀ fún ìrun. Ẹ ò rí i bí ó ti rọrùn? Aṣọ ìrun kan tó wà lórí okùn dínwó ju ọ̀rá páńpásì lọ. Páńpásì dára, ó ń ranni lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀ranyàn.

Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yín náà rèé. Nínú Sūratul-Baqarah, āyah 233, Ọlọ́hun gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lé bàbá lọ́rùn ní ọ̀nà tó dára, Ó sì jẹ́ kó yé wa pé a kì í di ẹrù tó ju agbára ẹni lọ rù ú, àti pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọmọ ni ìyá tàbí bàbá lára. Òdiwọ̀n nìyẹn fún tọkùnrin tobìnrin. Bàbá tó ní owó àmọ́ tó ń ní kí ìyàwó fọ aṣọ ìlédìí nítorí ahun, ó ń fi ọmọ ni ìyá lára. Ìyá tó ń bèèrè oríṣi tó wọ́n jù nítorí pé òun ni ọ̀rẹ́ òun ń lò, ó ń fi ọmọ ni bàbá lára. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi ìwé ṣírò rẹ̀, kí wọ́n sọ iye tí agbára wọn ká, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ aṣọ ìlédìí ni agbára wọn ká, kí bàbá mọ̀ pé fífa omi àti sísá aṣọ kò bu ọkùnrin kù.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹni tó bá tú ọ̀rá, tó yọ méjì, tó tún un dì, ó mọ ohun tí Ọlọ́hun sọ nípa àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù.

Ohun tí jàmáà àti ìjọba lè ṣe

Owó ẹyọ kì í jọ owó páálí. Ẹni tó ń ra ẹyọ méjì-méjì lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé kò ní owó ọ̀rá lápapọ̀, òun gan-an ló ń san owó tó pọ̀ jù. Báyìí ni òṣì ṣe ń jẹ owó. Ẹgbẹ́ alásàlátù wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń dájọ. Bí ìyá ọlọ́mọ mẹ́wàá bá dá owó pọ̀, kí ẹni méjì tí wọ́n fọkàn tán lọ ra páálí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lósùnwọ̀n ní Ṣakí tàbí ní Ìbàdàn, kí wọ́n pín in ní iye tí wọ́n rà á pẹ̀lú owó ọkọ̀. Kò sí èlé níbẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ gbèsè. Kí wọ́n ṣáà kọ orúkọ, owó àti nọ́ńbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lò sílẹ̀, kí ìjà má wọ̀ ọ́.

Ibi ìsọmọlórúkọ náà wà níbẹ̀. Aṣọ ẹbí tí à ń rà, ike àti abọ́ tí à ń pín, ta ni wọ́n ń ṣe láǹfààní lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ? Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá kó aṣọ ìlédìí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ọ̀rá páńpásì mẹ́ta wá, wọ́n ti bá bàbá ọmọ gbé ẹrù nìyẹn. Sààrà ni, kò sì sí ariwo nínú rẹ̀.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn àgbà. Àwọn bàbá àti ìyá wa kan wà tí àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀, tí àwọn náà ń lo ti àgbàlagbà, owó tiẹ̀ sì ju ti ọmọ lọ. Ìṣirò kan náà ni kí àwọn ọmọ wọn lò, kí wọ́n pín owó rẹ̀ láàárín ara wọn, kí wọ́n má dá a dá ẹni tó wà nílé.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí náà ṣe pàtàkì. Ike tó wà nínú páńpásì kì í jẹrà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí a jù sí gọ́tà nígbà ọyẹ́ ni àgbàrá yóò gbé lọ sí odò àti kànga nígbà òjò. Ìgbòho ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀rẹ̀lópé. Ìlú tí àwọn Aláàfin fi ṣe olú ìlú nígbà kan rí kò yẹ kó máa fi ìlédìí ṣe ọ̀ṣọ́ etí ọ̀nà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ pèsè ibi ìdalẹ̀nù tó jìnnà sí omi. Kí àwa náà kọ́kọ́ da ìgbẹ́ inú rẹ̀ sí ṣáláńgá, kí a ká a, kí a dì í kí a tó jù ú nù.

Ní ti ìjọba àpapọ̀, ohun tí a ń bèèrè kò ju pé kí ohun èlò páńpásì máa wá látinú ilé lọ. Wọ́n ń ṣe polypropylene ní Eleme nítòsí Port Harcourt tipẹ́. Ilé iṣẹ́ Dangote ní Lẹ́kìí náà ti ń tà á láti 2025. Ìdá kan nínú ohun tó wà nínú páńpásì nìyẹn. Èyí tó kù ni òwú igi àti hóró yẹn. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ bébà mẹ́ta sílẹ̀ nígbà kan, ní Jẹ́bà, ní Ìwópin àti ní Oku Iboku, kí a lè máa fi igi wa ṣe nǹkan. Gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn parí sí. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tún ọ̀nà yẹn rìn, bí dọ́là bá sín, ọmọ Ìgbòho yóò máa wúkọ́.

Àmọ́ ọmọ kò ní dúró de ìjọba kó tó tọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ìyá àti bàbá mú bírò, kí wọ́n ka iye ẹyọ tí ọmọ ń lò láàárín ọjọ́ méje, kí wọ́n pín owó ọ̀rá sí iye ẹyọ, kí wọ́n sì pinnu ìgbà tí yóò jẹ́ ti aṣọ àti ìgbà tí yóò jẹ́ ti páńpásì. Ilé tó bá ti ṣe ìyẹn, ìjà ibẹ̀ ti dín kù.

Kí Ọlọ́hun Ọba ṣe ìgbésí ayé lérọ̀ fún wa, kí Ó wo àwọn ọmọ wa ní àwòyè, kí Ó sì fi ìbùkún sí ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.